Terry Callier: Gìtá, Iṣẹ́ Oṣù àti Òmìnira Olórin

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí olórin tó ń dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń kọ orin sóòlù àti jáàsì, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta gìtá sí i. Mo lè to orúkọ ogún ènìyàn sílẹ̀, kí n kàn fọwọ́ ba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọjá. Ó tẹ́ mi lọ́rùn jù kí á jókòó ti ẹnì kan. Terry Callier ni mo mú, ọmọ bíbí ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní oṣù karùn-ún ọdún 1945, tó sì dágbére fáyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2012.

Ní nǹkan bí ọdún 1990, Callier ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Chicago. Ó ń jí lówùúrọ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń padà wálé wá tọ́jú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò mọ̀ pé ó kọrin rí. Ní àkókò kan náà, ní London, àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí i sójú rí ń jó sí orin rẹ̀ di ìdájí, wọ́n sì ń wá àwo rẹ̀ àtijọ́ kiri bí ẹni ń wá wúrà. Báwo ni méjèèjì ṣe ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn kan náà? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ibí. Mo sì fẹ́ kí ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ: olórin tó ní òmìnira, lójú tèmi, ni ẹni tó lè sọ pé rárá fún ẹni tó fẹ́ rà á, tí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì ní torí bẹ́ẹ̀ gbẹ. Callier rí òmìnira yẹn gbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí nǹkan kó tó rí i.

Cabrini-Green ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ní apá àríwá Chicago, níbi tí ìjọba kọ́ ilé sí fún àwọn mẹ̀kúnnù. Kí ẹnikẹ́ni má fojú ẹ̀gàn wo irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni Curtis Mayfield ti jáde, òun àti Jerry Butler tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ The Impressions. Major Lance náà ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni gbogbo wọn. Wọ́n á kóra jọ, wọ́n á máa kọrin láìsí ohun èlò kankan lọ́wọ́, ẹnì kan á gbé ohùn òkè, ẹnì kan á gbé ohùn ìsàlẹ̀, ẹnì kan á wà láàárín. Callier ti ń tẹ dùrù láti kékeré. Gìtá ṣì wà lọ́nà.

Ní ọdún 1962, nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ilé-iṣẹ́ Chess gbọ́ ohùn rẹ̀. Chess nìyẹn o: ilé Muddy Waters, ilé Etta James, ilé Chuck Berry. Wọ́n gba orin rẹ̀ kan sílẹ̀, “Look at Me Now”, wọ́n sì fẹ́ kó bá Muddy Waters àti Etta James lọ káàkiri ìlú lọ ṣeré. Ọmọ ọdún 17! Ta ni kò ní fẹ́? Ìyá rẹ̀ ló ní kò síbi tó ń lọ, kó kàwé rẹ̀ tán ná. Ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sílé Yorùbá ló mọ ohùn ìyá yẹn, a mọ̀ pé kò ní àtúnsọ. Àwọn kan máa ń sọ pé ìyá yẹn ló dí i lọ́nà, pé bó bá jẹ́ kó lọ ni, ì bá ti di gbajúmọ̀ kó tó pé ọmọ ogún ọdún. Èmi kò bá wọn sọ ọ́. Mélòó nínú àwọn ọmọdé tí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kó lọ sójú ọ̀nà nígbà náà ni orin ṣì wà lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n pé ẹni ọdún 60? Rárá àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ Callier, ìyá rẹ̀ ló bá a sọ ọ́.

Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ló gbá gìtá mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní àwọn ilé kọfí Chicago, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jókòó gbọ́ orin fóòkì, orin àtijọ́ tí a kò mọ ẹni tó ni ín. Ní ọdún 1964 ni nǹkan ńlá kan ṣẹlẹ̀ sí i. Ó lọ wo John Coltrane, afunfèrè jáàsì, àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìgbafẹ́ McKie's. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ó rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń ná gbogbo agbára tó wà lára wọn sínú orin lálẹ́ ọjọ́ kan, bí ẹni pé kò sí alẹ́ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó dàgbà pé òun mọ̀ ní alẹ́ yẹn pé bí òun kò bá lè ṣe é bẹ́ẹ̀, kí òun má ṣe é rárá. Ó lọ wá iṣẹ́ ṣe, ó sì fi orin sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ títí ó fi rí ọ̀nà tí òun náà lè gbà.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀rù yẹn. Ẹ̀rù tó bá gidi iṣẹ́ pàdé yàtọ̀ sí ojo. Ẹni tí ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò bà rí kò tíì gbọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ.

Ohun tó bá a ti ilé McKie's wá hàn nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́. Samuel Charters ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Prestige ní oṣù keje ọdún 1964, nígbà tí Callier jẹ́ ọmọ ọdún 19. Coltrane máa ń lo oníbáàsì méjì nígbà mìíràn. Callier náà mú oníbáàsì méjì wá. Kò sí onílù, kò sí dùrù, kò sí ẹlòmíràn tó ń gbè orin. Ohùn rẹ̀, gìtá rẹ̀, àti báàsì méjì péré. Ẹ wò ó bó ti rí létí: orin fóòkì tí gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ló wá gbé kalẹ̀ pẹ̀lú ìsàlẹ̀ tó wúwo bí ti ilé ìjọsìn, ohùn rẹ̀ sì ń rìn lórí rẹ̀ láìkánjú. Ó lè mú sílébù kan, kó fà á, kó yí i, kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ akọrin sóòlù ló ti rí ohùn yẹn, àyè tó fi sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan sí ìkejì sì jẹ́ ti jáàsì.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àwo náà? Charters gbé téèpù rẹ̀ lọ sí aginjù ní Mexico, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ́. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí The New Folk Sound of Terry Callier máa fi dé ìgboro, Bob Dylan ti fi gìtá sí iná mànàmáná, àwọn èwe sì ti kúrò nílé kọfí lọ síbi ariwo. Àwo náà wọ ọjà nígbà tí ọjà ti tú. Kì í ṣe Callier ló pẹ́, téèpù ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò àjùmọ̀lò lónìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: níbo ni fáìlì orin yín wà báyìí? Ta ló mú u dání?

Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ H. P. Lovecraft, àwọn onírọ́ọ̀kì, kọ orin rẹ̀ méjì nígbà tó yá. Ìyẹn jẹ́ kí ó mọ̀ pé orin òun lè gbé lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní ọdún 1970 ni Jerry Butler, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìgbà èwe, dá ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ ní Chicago fún àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin. Callier wọlé síbẹ̀. Òun àti Larry Wade ló kọ “The Love We Had (Stays on My Mind)” fún ẹgbẹ́ The Dells, orin náà sì gbayì lórí rédíò. Láti inú ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ Cadet, ẹ̀ka Chess, fi ní kó wá gbé àwo tirẹ̀ jáde. Ilé tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó tẹ̀lé lọ́dún 1962 ló padà wá pè é ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ nígbà yẹn.

Níbí ni mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí. Charles Stepney ni Cadet fi ṣe kòkáárí àwo mẹ́ta rẹ̀: Occasional Rain ní ọdún 1972, lẹ́yìn náà What Color Is Love, àti I Just Can't Help Myself. Stepney ni ẹni tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Minnie Riperton nínú ẹgbẹ́ Rotary Connection, tó sì bá Ramsey Lewis àti Earth, Wind & Fire ṣe. Ó mọ bí a ti ń to fáólíìnì àti fèrè lé orin sóòlù lórí láìjẹ́ kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí òun àti Callier pàdé, gìtá àti ohùn kan wá rí ilé ńlá gbé.

Ẹ gbọ́ “Dancing Girl”, orin tó ṣí What Color Is Love. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Nígbà yẹn, orin tó bá ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ni rédíò ń sá fún. Callier bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gìtá tó ń ro jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Fáólíìnì yọ wá láti ẹ̀yìn, o kò ní mọ ìgbà tí wọ́n wọlé. Díẹ̀díẹ̀, ìlù dé, fèrè dé, ohùn tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ di ohùn tó ń ké, ohun gbogbo gbéra sókè pọ̀ títí yóò fi dà bíi pé orin náà fẹ́ ya. Lẹ́yìn náà ó tún balẹ̀. Ohun tó ń sọ nípa rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ìgboro tí òṣì ti ń fún lọ́rùn, tí wọ́n ṣì ń wá ibi tí wọ́n ti lè jó. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ orin tó gùn. Èyí nìkan ni mo mọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò sí fún àṣehàn: bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, a kò ní rí ọ̀nà tí ìrora fi ń di ijó. Stepney ló kọ́ òpó ilé náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú gbogbo ohun èlò kúrò, tí ẹ fi gìtá Callier nìkan sílẹ̀, orin náà á ṣì dúró. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ olórin tó ní orin lọ́wọ́.

“Ordinary Joe” wà nínú àwo tó ṣáájú rẹ̀, orin nípa ẹni lásán tó ń rìn lójú títì, tó sì mọ ohun tó mọ̀. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ó tún gbọ́ ọ ní London.

Àwọn tó gbọ́ àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìn wọ́n. Wọn kò tà. Rédíò kò mọ àpótí tí yóò kó o sí: ẹni tó ń ta gìtá bíi olórin fóòkì, tó ń ronú bíi oníjáàsì, tó ń ké bíi akọrin ìjọ. Chess ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ọdún 1969, ilé náà sì ń wó lọ. Wọ́n jọ̀wọ́ Callier lọ́wọ́. Ní ọdún 1976, Stepney kú lẹ́ni ọdún 45. Elektra gba Callier lẹ́yìn náà, wọ́n bá a gbé àwo méjì jáde, Fire on Ice ní ọdún 1978 àti Turn You to Love ní ọdún 1979. Frankie Crocker, gbajúgbajà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò ní New York, fi “Sign of the Times” ṣe orin àmì ètò rẹ̀. Èyí náà kò tó. Elektra fi í sílẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Chicago tó ń jẹ́ Erect bá a tẹ orin kan jáde, “I Don't Want to See Myself (Without You)”. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ní ọdún 1983, ìtọ́jú ọmọbìnrin rẹ̀ wá di tirẹ̀. Ọmọ kò lè máa tẹ̀lé bàbá kiri ilé ijó lóru. Callier gbé gìtá kọ́. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó rí iṣẹ́ ní ilé-ìwádìí kan tó so mọ́ Yunifásítì Chicago, ó sì ń lọ kàwé lálẹ́ nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ.

Ìtàn tí àwọn oníwèé ìròyìn fẹ́ràn láti sọ nípa àwọn ọdún wọ̀nyí ni ìtàn ẹbọra tó sùn: ọlọ́pọ̀ ẹ̀bùn tí ayé gbàgbé, tó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wọlé. Kì í ṣe ayé ló gbé e sídìí ẹ̀rọ. Òun ló yàn án, nítorí ọmọ rẹ̀, ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání ni. Bàbá tó bá ń jẹun lójú iṣẹ́, tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, tó sì ń kàwé lálẹ́, kò ṣubú. Síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí tàn yín pé ìyà ló ń mú kí orin dùn. Ẹni tó kọ “Dancing Girl” kò yẹ kó máa yàn láàárín ọmọ àti gìtá. Ètò tó mú kó di bẹ́ẹ̀ ni kò dáa: ilé-iṣẹ́ tó ni àwo, tó ni téèpù, tó ni orúkọ, tó sì lè tì wọ́n mọ́ àká nígbà tó bá wù ú.

Kí ló wá yọ ọ́? Àwọn tó ń gba àwo jọ. Ní England, láti bí ọdún 1970 wá, àwọn èwe kan ti sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa wá rẹ́kọ́ọ̀dù sóòlù Amẹ́ríkà tí kò tà nílùú rẹ̀. Wọ́n á lọ tú ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n á ra páálí rẹ́kọ́ọ̀dù ní owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n á gbé e wálé wá fi sórí ẹ̀rọ nílé ijó. Báyìí ni “Ordinary Joe” ṣe di orin tí àwọn ọmọ London mọ̀ lórí. Eddie Piller, tó ni ilé-iṣẹ́ Acid Jazz, rí orin Erect yẹn, ó wá nọ́ńbà Callier títí ó fi rí i, ó sì pè é. Callier rò pé ẹnì kan ń fi òun ṣeré ni. Ta ló máa ń pe òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti London pé òun fẹ́ tún orin rẹ̀ tẹ̀ jáde? Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Orin náà tún jáde, wọ́n pè é wá sí 100 Club ní London, ó dé orí ìtàgé, ó bá àwọn èwe tí wọ́n mọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn: bí ìsinmi ẹnu iṣẹ́ bá dé, á gbé gìtá, á wọ bàálù lọ sí England, á kọrin, á padà sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ajé. Níbí ni mo ti rí òmìnira tí mo ń sọ. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé kó gé orin kù sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Owó oṣù rẹ̀ ló ń bọ́ ọ, orin sì padà di ohun tó ń ṣe nítorí pé ó fẹ́ ṣe é.

Ní ọdún 1997, ọ̀dọ́mọbìnrin ará England kan, Beth Orton, pè é wá bá a kọrin lórí àwo rẹ̀, Best Bit. Ní ọdún 1998, Callier gbé Timepeace jáde pẹ̀lú Talkin' Loud, ilé tí Gilles Peterson dá sílẹ̀. Pharoah Sanders fun fèrè nínú rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ẹni tí ó ń jẹ́ Sanders? Òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Coltrane láti ọdún 1965. Ọmọkùnrin tí ẹ̀rù bà níwájú Coltrane ti wá dàgbà tó láti dúró níwájú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹ̀yìn Coltrane. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi àmì ẹ̀yẹ àlàáfíà dá àwo náà lọ́lá. Ìròyìn náà ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ níbi iṣẹ́ pé olórin ni, iṣẹ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìpẹ́. Ọmọ ti dàgbà nígbà náà. Ó fi gbogbo ara padà sí orin.

Ó ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ní ọdún tó kù: ó bá Paul Weller kọrin, ó kọ “Live with Me” pẹ̀lú Massive Attack ní ọdún 2006, Mr Bongo, ilé-iṣẹ́ àdáni kan ní England, sì bá a gbé àwo jáde títí dé Hidden Conversations ní ọdún 2009. Àìsàn jẹjẹrẹ ló mú un lọ ní Chicago lẹ́ni ọdún 67.

Àwọn tó gbà á sílẹ̀ ní London kò mọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan. Ọwọ́ kan náà ló kan tiwa. Orlando Julius, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, gbé Super Afro Soul jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1966, orin sóòlù tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú hàílàìfù. Ní ọdún 2014, òun àti ẹgbẹ́ The Heliocentrics ti London gbé Jaiyede Afro jáde lábẹ́ Strut, ilé-iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ fún títún àwo àtijọ́ tẹ̀. Strut yìí náà ló tún Shango tẹ̀ jáde, àwo Peter King, afunfèrè jáàsì wa. Peter King sì ni ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní ọ̀nà Badagry, níbi tí Aṣa, olórin wa, ti lọ kọ́ gìtá. Nígbà tí Aṣa fẹ́ gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2007, Naïve ló bá ṣe, ilé-iṣẹ́ àdáni kan ní Faransé. Inú mi ń dùn sí gbogbo èyí, inú mi sì ń bàjẹ́ pọ̀ mọ́ ọn. Kí nìdí tí a fi ní láti lọ ra orin bàbá wa ní London? Mélòó nínú ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Èkó ìgbà yẹn ló tọ́jú téèpù wọn? Ẹ̀yin tó ní rẹ́kọ́ọ̀dù ayé àtijọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé, ẹ má jẹ́ kí eku jẹ ẹ́. Ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń bójú tó ilé ìkówèésí, kí wọ́n gbà á sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ orúkọ olórin àti ọdún rẹ̀ sí i, kí wọ́n sì dá a padà fún yín.

Ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀. Mo ti bẹ àwọn tó ń bójú tó o kí wọ́n kọ́kọ́ fi orin kan láti inú àwo ọdún 1964 sí i, kí wọ́n tó wá fi èyí tí Sanders fun fèrè sí tẹ̀lé e. Ẹ fetí sí ibi tí ó ti ń mí láàárín ìlà kan sí ìkejì. Ní ọdún 1964, ó ń mí bí ẹni tó ń dúró de oníbáàsì. Ní ọdún 1998, àwọn ni wọ́n ń dúró dè é. Lẹ́yìn náà, ẹ bi mí ní ìbéèrè.